Ọjọ́ tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Orúkọ Mọ́

Mo ti parọ́ fún àbúrò mi rí, irọ́ odindi ọjọ́ mẹ́jọ. Kí n tó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà fi ojú mi rí, ó yẹ kí n sọ ìyẹn ná. Bí mi ò bá sọ ọ́, ẹni tó bá ka ìwé yìí á rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni mò ń sọ.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, èmi ni àgbà. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ṣe akọ̀wé ní yunifásítì tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Lẹ́tà tí mo tẹ̀ fún àwọn ọ̀gá kò lóǹkà, mo sì fẹ̀yìntì pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro àti ìka tó lè tẹ̀wé láìwo kíbọ́ọ̀dù. Mi ò sí nílé ọkọ mọ́, ọmọ mi kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Àbúrò mi ń gbé ní Kánádà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó bímọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé ọmọ náà jáde.

Àárọ̀ ni ìyá wa kú, a sì sin wọ́n kí ìrun Alásárì ọjọ́ náà tó tó, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á kalẹ̀. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé agbo ilé wa ní Ìrémọ, àbúrò bàbá wa pe gbogbo wa sínú pálọ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọ tó wà lókè òkun. Wọ́n ní egbò rẹ̀ kò tíì jinná, wọ́n ní omi ọmú lè gbẹ lára rẹ̀, wọ́n ní ta ni yóò rọ̀ ọ́ ní ilẹ̀ òtútù yẹn bí ó bá ṣubú lulẹ̀. Kí a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán ná. Gbogbo àgbà tó jókòó níbẹ̀ ló mi orí. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ilé wa nìyẹn, kò sì sí ẹni tó pè é ní irọ́. Ìkẹ́ ni wọ́n kà á sí. Èmi náà kà á sí ìkẹ́.

Èmi ni ó máa ń pè, nítorí náà èmi ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ó pè lọ́jọ́ kejì, mo ní Màmá ń sùn. Ó pè lọ́jọ́ kẹta, mo ní wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní òun fẹ́ rí wọn lórí fídíò, kí wọ́n lè rí ọmọ tuntun, mo ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dáa. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí ni mo wá gbá mú títí ọjọ́ fi pé. Ó máa ń béèrè pé kí ni Màmá jẹ. Mo ní wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní iyán ni wọ́n jẹ, pé wọ́n tilẹ̀ ní iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀. Èmi tí mo wà lára àwọn tó wẹ̀ wọ́n fún ìsìnkú, èmi náà ni mò ń fi ẹnu se oúnjẹ fún wọn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, kí a tó parí fìdáù, ẹnìkan tí òun àti àbúrò mi jọ lọ sí girama ti fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ sí i. Ó pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ní iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀ Màmá." Ó sì pa fóònù.

Ọdún kan kọjá kí ó tó tún máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, ó ní òun ti dárí jì mí, èmi náà sì ní mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí mo bá ní òjò rọ̀ nílé, yóò béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn bóyá òjò rọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú ìyá wa, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá wa. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kú, ohùn wọn sì lọ pátápátá. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí a bá sọ, ojú wọn sì mọ gbogbo wa, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kàn máa ń ṣí ni, nǹkan kan kì í jáde. Mo gbé wọn wá sí ilé mi ní Òkè-Ògbó, nítorí àtẹ̀gùn pọ̀ jù ní Ìrémọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àbúrò mi máa ń rí wọn lórí fóònù ńlá mi. Yóò máa sọ̀rọ̀, Bàbá yóò máa wò ó, wọn yóò máa mi orí. Ohun tó ṣẹ́kù láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, àfi kí a fi ojú rí i kí a tó mọ̀ pé ó wà láàyè.

Sátidé kan wá, a wà ní ilé ìwòsàn nítorí ibà, a kò rí àyè. Ní àárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fóònù ńlá mi já bọ́ sínú báfù níbi tí mo ti ń fọ aṣọ Bàbá. Mo gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Lágéré, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì nìkan ló wá kù sí mi lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi: ibà, báfù, Lágéré. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún, ẹ̀rù sì bà mí bí ìgbà tí mò ń parọ́ gan-an.

Ní Sátidé kejì ó pè ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán. Ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ rí Bàbá lónìí. Ẹ tan kọ̀ǹpútà."

Òun ló ra kọ̀ǹpútà náà fún mi. Kámẹ́rà kékeré wà lára rẹ̀, tó ní wáyà gígùn. Láti ìgbà tí mo ti ní fóònù ńlá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ tàn án mọ́, àfi bí mo bá fẹ́ tẹ lẹ́tà fún àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí. Mo ní kò burú. Mo rù ú lọ sí yàrá Bàbá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo tò ó sórí tábìlì tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo wọ bùbá búlúù fún wọn, mo dé wọn ní fìlà, mo fi ìrọ̀rí méjì gbé wọn jókòó. Mo ní, "Bàbá, ọmọ yín fẹ́ rí yín o." Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, èyí tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi tún fìlà náà ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe máa ń dé e tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn gan-an ní àkókò yẹn, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Iná wà, èyí tí kì í sábà wà. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo kọ orúkọ ìkànnì tí a fi ń rí ara wa. Ó yí, ó yí, ó wá kọ ọ́ síwájú mi pé òun kò rí ibi tí ìkànnì náà wà. Mo tún un kọ, bóyá ìka mi ló ṣì í kọ. Ìka mi kì í ṣì í kọ. Mo kọ orúkọ ìwé ìròyìn kan, kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ orúkọ yunifásítì tí mo fi ayé mi sìn, kò mọ ìyẹn náà. Mo pè é ní ẹran. Mo ní kí ó má fi mí ṣẹ̀sín lónìí, ọjọ́ mìíràn ni kí ó fi mí ṣẹ̀sín.

Mo lọ wo ráútà, àpótí kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún gbogbo ilé. Iná ara rẹ̀ tàn pé. Mo pa á, mo ka ení dé ọgọ́ta, mo tún un tàn. Mo yọ síìmù inú rẹ̀, mo fi etí ìró mi nù ún, mo ní Bísímílláhì, mo dá a padà. Mo gbé ráútà sójú fèrèsé. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Dátà kò tán, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá ń fi ojú bá mi lọ láti fèrèsé dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń fi ojú bá mi bọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìn, tí mo lè bẹ̀ fún fóònù, ti lọ sílé wọn fún ọlidé, mi ò sì lè fi Bàbá sílẹ̀ nìkan láti máa kan ilẹ̀kùn kiri àdúgbò.

Fóònù kékeré dún. "Àǹtí mi, mo ti wà lórí ẹ̀ láti ìgbà yìí. Mi ò rí yín."

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó kù tí mo fẹ́ sọ, mo sì gbé e mì lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn, mi ò rí i. Mo ní, "Ọmọ ìyá mi, ó jọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tuntun ọjọ́sí, tó ti ń ka ìwé sókè báyìí.

"Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì," ó ní.

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ má búra, Àǹtí mi. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà níwájú mi níbí. Wọ́n wọ bùbá búlúù. Ẹ̀kọ mímu ni wọ́n mu láàárọ̀..." Mo rántí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, mo sì mọ̀ pé òun náà ti rántí. Mo sáré gbé fóònù sí etí Bàbá, mo ní kí ó bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí ó ń pè, "Bàbá mi? Bàbá mi?" Bàbá ṣí ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Wọ́n wá ń mi orí sí fóònù náà gidigidi, bí ẹni pé ọmọ wọn lè rí i.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," àbúrò mi ní, nígbà tí mo gba fóònù padà. Ohùn rẹ̀ ti le. "Ó dáa. Ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo bá ní kí ẹ tẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀. Ohun tó bá kọ, ẹ kà á fún mi gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ ọ́."

Mo mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe ohùn ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ohùn ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ̀daràn lẹ́nu wò ni. Mo jókòó, mo gbé fóònù sáàárín etí àti èjìká.

Ó ní kí n ṣí ojú fèrèsé dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ó pe lẹ́tà mẹ́rin fún mi, ó wá pe nọ́ńbà kan tó pín sí mẹ́rin, tí àmì ìdánudúró wà láàárín wọn. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ rárá, ìlà mẹ́rin jáde níkọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo ṣáà rí i pé ó dáhùn. Mo kà á sókè bí ọmọ iléèwé tó gba máàkì.

Ó ní, "Ẹ tún un kà." Mo tún un kà.

"Àǹtí mi, ohun tí ẹ kà yẹn, èsì ni. Ẹ ránṣẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, èsì padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín dáa. Kò sí ohun tó ṣe é." Mo gbọ́ bí ó ṣe mí kanlẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

Ẹ̀jẹ̀ gùn mí lórí. Èmi náà kì í ṣe onísùúrù, àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí. Mo ní, "Ìwọ tí o wà ní Kánádà, tí o ń fi kọ̀ǹpútà dá ẹjọ́! Ta ló ń gbé wọn? Ta ló ń nu ìdí wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́? Ṣé òkú ni mò ń nù?" Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì ń pariwo rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Bàbá ń wò mí lábẹ́ fìlà. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n pa ojú wọn dé.

Àbúrò mi ti pa fóònù. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè bẹ Bàbá. Mo kàn dìde, mo wò wọ́n, mo rí i pé wọ́n ti ṣe sára, bóyá ó ti pẹ́. Mo bọ́ bùbá àti ṣòkòtò, mo nù wọ́n, mo fún wọn ní oògùn ọ̀sán. Oògùn yìí máa ń gbé wọn sùn fọnfọn. Aṣọ mìíràn kò tíì gbẹ lórí okùn, nítorí náà mo ṣí fìlà lórí wọn, mo tẹ́ wọn sílẹ̀, mo sì fi aṣọ ìbora kan ṣoṣo tó mọ́ bò wọ́n dé ọrùn. Wọ́n sùn lọ.

Ó tó wákàtí kan kí fóònù tó tún dún. Mi ò fẹ́ gbé e. Mo gbé e.

"Àǹtí mi." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ohun kan wà tí mi ò ní kí ẹ ṣe. Nọ́ńbà ni mo ní kí ẹ kọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ ìkànnì dípò nọ́ńbà."

Mo kọ orúkọ. Ìlà kan péré ló jáde: kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo kà á fún un.

"Ẹ dúró. Ẹ dúró ná, mà." Mo gbọ́ tí ó fa àga. Ó wá ń ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún mi kí ìyá wa tó kú. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ rárá, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí a bá kọ orúkọ, yóò kọ́kọ́ lọ béèrè níbì kan pé nọ́ńbà wo ló ni orúkọ yìí. Bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá dáhùn, kò sí ibi tí a lè dé, bí ọ̀nà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ní kí n tẹ nǹkan mìíràn, kí a lè mọ ẹni tí kọ̀ǹpútà mi ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan jáde. Mo pè é fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Mo gbọ́ tí ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀.

"Èmi ni mo fún yín ní nọ́ńbà yẹn," ó ní. "Ọdún tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín. Ẹ ní kọ̀ǹpútà yín ń falẹ̀, mo ní kí ẹ fi nọ́ńbà yìí sí i, pé ó yá ju ti ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ra dátà lọ. Àwọn tó ni ín ti kógbá wọlé. Kọ̀ǹpútà yín ṣì ń lọ kan ilẹ̀kùn wọn." Ó wá ní, "Ẹ má bínú sí mi."

Mo ní mi ò bínú. Mo ní kí ó jẹ́ ká tún un ṣe. Omi ti ń bọ́ lójú mi sórí kíbọ́ọ̀dù, mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó mú mi gba inú ètò kọ̀ǹpútà lọ, láti ojú ìwé kan dé òmíràn, títí a fi débi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà náà nígbà yẹn. Mo pa á rẹ́. Mo tẹ ibi tó ní kí ẹ̀rọ máa wá ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mo kọ orúkọ ìkànnì, ó sì ṣí wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kò ṣe mí ní nǹkan kan láti ọ̀sán.

Ojú àbúrò mi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ti rù." Mo ní òun náà ti rù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí Bàbá mi." Mo dojú kámẹ́rà kọ bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò ronú. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò ronú rárá. Aṣọ ìbora funfun ni mo fi bò wọ́n, ó dé abẹ́ àgbọ̀n. Kò sí fìlà lórí wọn. Ẹnu wọn là sílẹ̀ díẹ̀, ojú wọn dé, wọn kò sì mira. Ohun tí àbúrò mi rí nìyẹn.

Ó ké. Mi ò lè kọ bí ó ṣe ké. Ó ní, "Ẹ tún ti ṣe é fún mi! Ẹ tẹ́ òkú síwájú mi!"

"Wọ́n ń sùn ni," mo ní.

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ kejì tí ìyá wa kú, tí mo sọ lọ́jọ́ kẹta. Mo ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu ara mi, kò sì sí òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀, nítorí lóòótọ́, wọ́n ń sùn.

Mo pe Bàbá. Mo mì wọ́n léjìká, mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Oògùn ọ̀sán ti wọ̀ wọ́n lára. Àbúrò mi ń sunkún, ọmọ rẹ̀ ti sáré wá, ó ń béèrè pé kí ló dé. Àbúrò mi wá ní, "Bí wọ́n bá ń sùn, ẹ ṣí aṣọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n rí àyà wọn."

Bàbá wa kì í bọ́ra níwájú ọmọ. Nínú oòrùn tó mú jù, wọ́n á wọ bùbá kí wọ́n tó jẹun. Nígbà tí àìsàn sọ ọ́ di dandan pé èmi ni màá máa wẹ̀ wọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń ti ọwọ́ mi dànù, kí àwa méjèèjì tó rí ọ̀nà kan. Màá ti ilẹ̀kùn, màá fa kọ́tìnì, màá ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ kí n máa fi kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ wọ́n, màá sì kọ ojú sí ògiri. Àdéhùn wa nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fi ẹnu sọ ọ́.

Mo ká aṣọ náà kúrò dé ìbàdí.

Mo gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, mo mú un sún mọ́ àyà wọn. Egungun ìhà wọn ṣeé kà. Irun àyà ti funfun. Èmi àti àbúrò mi ń wò ó, òun ní Kánádà, èmi lójú kọ̀ǹpútà, nítorí èmi náà kò lè wò ó ní tààrà. Ó pẹ́ lójú mi kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbéra díẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀.

"Wọ́n mí," àbúrò mi ní. "Wọ́n tún mí. Àǹtí mi, wọ́n ń mí." Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, ó ń pe Ọlọ́run, ó ní kí n dárí ji òun. Èmi náà ń sunkún. Mo di kámẹ́rà náà mú síbẹ̀, mi ò gbé e kúrò, nítorí lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó gbà mí gbọ́, mo sì fẹ́ kí ó rí i tẹ́rùn.

Lójú kọ̀ǹpútà ni mo ti rí ọwọ́ òsì Bàbá. Ó wọ inú àwòrán wá díẹ̀díẹ̀, ó ń wá nǹkan lórí àyà, ó ń wá a lórí ikùn. Aṣọ ló ń wá. Mo wo ojú wọn. Wọ́n ti jí. Wọ́n ń wo ohun tí mo gbé lọ́wọ́, wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n rí ihòòhò ara wọn níbẹ̀, wọ́n rí ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn tó ń wò ó.

"Ẹ bò wọ́n!" àbúrò mi kígbe. "Àǹtí mi, ẹ bò wọ́n!"

Mo sọ kámẹ́rà sílẹ̀, mo fa aṣọ náà sókè. Àbúrò mi ń sọ pé, "Bàbá mi, ẹ má bínú, èmi ni, ẹ wò mí." Ohun tí ó ti ń dúró dè fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, kí wọ́n wo òun. Bàbá kọ ojú sí ògiri. Ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò yí padà.

Oṣù méjì ó lé díẹ̀ ni wọ́n tún fi wà láàyè. Fóònù ńlá ti dé láti Lágéré, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e wá, wọ́n á pa ojú dé. Nígbà tí wọ́n kú, àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ pè, kí n tó pe ẹnikẹ́ni ní Ìrémọ. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo ní wọ́n ti lọ, ó sì gbà mí gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ti gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní yàrá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an, mi ò sì dá a padà síbẹ̀ mọ́. Kò ràn án. Láàárọ̀, bí mo bá gbé omi wọlé láti wẹ̀ wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ di etí aṣọ mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Màá ti ilẹ̀kùn, màá fa kọ́tìnì, wọn kò ní tú u sílẹ̀. Títí di àárọ̀ ìkẹyìn, àfi kí n gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè níwájú wọn, kí wọ́n wò ó dáadáa pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n.